Ta Ni Ó Ṣẹ̀? Ìtàn Oògùn, Ọlẹ̀, àti Sẹ́ẹ̀lì Tí A Fi Ń Dán Kẹ́míkà Wò

Ìfáàrà

Ní nǹkan bí ọdún 15 sẹ́yìn, nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùṣọ́-àgùntàn, arábìnrin kan gbé ọmọ tuntun wá bá wa lẹ́yìn ìsìn àárọ̀. Ọwọ́ òsì ọmọ náà kò kọjá ìgbọ̀nwọ́. Ìyá ọmọ kò sunkún. Ó kàn béèrè pé, "Pásítọ̀, ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo ṣe?" Àwa tí ó yẹ kí a jókòó tì í, ńṣe ni a bẹ̀rẹ̀ sí í tú ìdí ilé bàbá rẹ̀: ta ló bá jà nígbà tó wà nínú oyún, ibo ló rìn dé lóru, òrìṣà wo ni wọ́n ń bọ nílé ìyá rẹ̀. A kéde ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta láti já ègún. A kò bi í léèrè ohun kan ṣoṣo nípa ìlera rẹ̀ tàbí oògùn tó lò. Ní ọjọ́ kẹta, kò wá. A kò sì rí i nínú ìjọ náà mọ́.

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, kì í ṣeé kó. Ọ̀rọ̀ yẹn ti dùn wá pẹ́, ó sì tún sọ sí wa lọ́kàn nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ kan dìde nínú kíláàsì ẹ̀kọ́ ìwà Kristẹni tó béèrè pé: "Sà, bí a bá fi sẹ́ẹ̀lì ọlẹ̀ dán oògùn wò, ǹjẹ́ Kristẹni lè lo oògùn náà?" A kò fẹ́ dáhùn láìmọ ìtàn rẹ̀. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a ó kọ́kọ́ sọ bí ayé ṣe mọ̀ pé ohun tí ìyá bá lò lè ba ọmọ inú rẹ̀ jẹ́, lẹ́yìn náà a ó ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń fi sẹ́ẹ̀lì dán kẹ́míkà wò, ní ìkẹyìn a ó wá sọ ohun tí gbogbo rẹ̀ ń béèrè lọ́wọ́ àwa tí a ń gbé ọwọ́ lé aboyún lórí.

Nígbà tí a rò pé olóbì jẹ́ odi

Ìwé Mímọ́ kò ya ìyá kúrò lára ọmọ inú rẹ̀. Nínú Àwọn Onídàájọ́ orí 13, áńgẹ́lì Olúwa kò kàn kéde fún aya Mánóà pé yóò bí ọmọkùnrin kó sì bá tirẹ̀ lọ. Ó kìlọ̀ fún un nípa ohun tí yóò mu àti ohun tí yóò jẹ. Ọmọ ni a yà sọ́tọ̀, ìyá ni a sì kọ́kọ́ fi òfin náà lé lọ́wọ́.

Àwọn oníṣègùn pẹ́ kí wọ́n tó gba irú ẹ̀kọ́ yìí. Títí di àárín ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá, ọ̀pọ̀ dókítà gbà pé olóbì dà bí odi ìlú: pé ó ń jẹ́ kí oúnjẹ kọjá, ṣùgbọ́n pé ó ń dá májèlé padà lẹ́nu ibodè. Ní 1941, dókítà ojú kan ní Ọsirélíà, Norman Gregg, ṣàkíyèsí pé àwọn ọmọ ọwọ́ tí ojú wọn ti fọ́ láti inú oyún ń pọ̀ sí i. Ó tẹ́tí sí àwọn ìyá wọn, ó sì rí i pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ni àrùn rùbẹ́là, èyí tí ara fi ń sú pupa, ti mú ní ìbẹ̀rẹ̀ oyún. Odi náà ní ihò. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn ṣì rò pé àrùn nìkan ló lè gba ibẹ̀ kọjá. Wọn kò ronú kan oògùn tí dókítà fúnra rẹ̀ ń fúnni.

Oògùn tí wọ́n ní kò lè pa ẹnikẹ́ni lára

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1957, ilé iṣẹ́ apòògùn Chemie Grünenthal ní Jámánì gbé oògùn oorun kan jáde tí wọ́n pè ní Contergan. Thalidomide ni orúkọ èròjà inú rẹ̀. Wọ́n polówó rẹ̀ pé kò léwu rárá, débi pé èèyàn lè rà á ní ilé oògùn láìmú ìwé dókítà dání. Àwọn aboyún fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé ó ń dá èébì òwúrọ̀ dúró. Láàárín ọdún díẹ̀, ó ti dé orílẹ̀-èdè tó lé ní 40, lábẹ́ oríṣiríṣi orúkọ.

Ọmọ àkọ́kọ́ tí a mọ̀ pé oògùn náà ṣe lọ́ṣẹ́ ti wà láyé kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í tà á pàápàá. Ọjọ́ Kérésìmesì ọdún 1956 ni wọ́n bí i, láìní etí. Òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ náà ni bàbá rẹ̀. Ó ti mú oògùn náà wá sílé fún ìyàwó rẹ̀. Kò sí ẹni tó so ọ̀rọ̀ náà pọ̀.

Lẹ́yìn náà, àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í wáyé pẹ̀lú ọwọ́ tó bẹ̀rẹ̀ láti èjìká tààrà, ẹsẹ̀ tí kò gùn, etí tí kò sí, ọkàn àti ìfun tó lábùkù. Nígbà tí ọlẹ̀ bá wà láàárín nǹkan bí ọjọ́ 20 sí 36 lẹ́yìn tí oyún dúró, ìgbà yẹn gan-an ni ewu náà wà, àkókò tí ọ̀pọ̀ obìnrin kò tíì dá ara wọn lójú pé àwọn lóyún. Oògùn ìwọ̀nba díẹ̀ ní àkókò yẹn ti tó. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1961, Widukind Lenz, dókítà ọmọdé ní Hamburg, tó ti ń lọ láti ilé dé ilé bá àwọn òbí sọ̀rọ̀, pe ilé iṣẹ́ náà lórí fóònù pé kí wọ́n kó oògùn náà kúrò lórí àtẹ. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà tí wọ́n kó o kúrò ní Jámánì. Ní oṣù kejìlá, lẹ́tà William McBride, dókítà agbẹ̀bí kan ní Ọsirélíà, jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet láti béèrè bóyá àwọn ẹlòmíràn ti rí ohun tí òun rí. Nígbà tí eruku yóò fi rọlẹ̀, wọ́n fojú bù ú pé ọmọ tó tó 10,000 ló ti fara gbá a kárí ayé, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì kú ní kékeré.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbí. Kí Lenz tó sọ̀rọ̀, ọ̀pọ̀ ìyá ló ti ń dá ara wọn lẹ́bi, tí àwọn ará ilé sì ń fojú burúkú wò wọ́n. Àwọn kan gbà pé àbùkù inú ẹ̀jẹ̀ ìdílé ni. Wọn kò mọ̀ pé inú ìgò oògùn ni ọ̀rọ̀ náà wà. Kò sí ìyàtọ̀ púpọ̀ láàárín èyí àti ohun tí a ṣe fún arábìnrin tí a sọ ìtàn rẹ̀ lókè.

Obìnrin tó kọ̀ láti fọwọ́ sí i

Ní Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí obìnrin kan. Frances Kelsey ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ni, ní 1960, nígbà tí wọ́n gbé ìwé ẹ̀bẹ̀ thalidomide fún un. Wọ́n rò pé iṣẹ́ kékeré ni. Kelsey ní ẹ̀rí tí wọ́n mú wá kò tó. Ilé iṣẹ́ tó fẹ́ tà á ń pè é, wọ́n ń kọ lẹ́tà, wọ́n ń lọ bá àwọn ọ̀gá rẹ̀, òun náà sì ń béèrè sí i. Nígbà tó kà nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé oògùn náà ń ba iṣan ìmọ̀lára àwọn àgbàlagbà kan jẹ́, ó béèrè pé: bó bá lè ṣe èyí fún àgbàlagbà, kí ni yóò ṣe fún ọmọ inú? Kò sí ẹni tó lè dá a lóhùn. Oògùn náà kò rí àṣẹ gbà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1962, Ààrẹ Kennedy fún un ní àmì ẹ̀yẹ, nígbà tó sì di oṣù kẹwàá ọdún náà, òfin tuntun jáde pé kí ilé iṣẹ́ apòògùn fi ẹ̀rí hàn pé oògùn wọn ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe pé kò léwu nìkan.

Apá kan wà nínú ìtàn obìnrin yìí tó kàn wá ní Nàìjíríà. Nígbà tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Chicago, ó wà lára àwọn tó ṣèwádìí oògùn olómi kan tó pa èèyàn tó lé ní 100 ní 1937. Wọ́n rí i pé kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní diethylene glycol ló wà nínú rẹ̀. Májèlé yìí kan náà ló wà nínú oògùn parasẹtámọ́ọ̀lù olómi tó pa àwọn ọmọ wa ní Ìbàdàn àti Jos ní 1990, kí a tó ní NAFDAC. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ṣùgbọ́n àgbà lè wà lọ́jà kó má wo orí ọmọ.

Eku kò sọ òtítọ́, ehoro sọ díẹ̀

Lẹ́yìn 1962, ìjọba kárí ayé bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé kí a dán oògùn tuntun wò lára ẹranko tó lóyún kí aboyún tó fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n ìṣòro kan yọjú. Nígbà tí wọ́n fún eku àti èkúté ní thalidomide, ọ̀pọ̀ ọmọ wọn jáde pẹ̀lú ọwọ́ àti ẹsẹ̀ pípé. Àwọn ehoro ló fi àbùkù náà hàn. Ìdí nìyí tí àṣà fi di pé kí a lo irú ẹranko méjì, eku àti ehoro lọ́pọ̀ ìgbà.

Ìdánwò bẹ́ẹ̀ ń gba oṣù, owó àti ẹ̀mí ẹranko púpọ̀. Ní 1959, àwọn ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjì, Russell àti Burch, ti tẹ ìwé kan jáde tó ní kí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì wá ọ̀nà mìíràn rọ́pò ẹranko níbi tó bá ṣeé ṣe, kí ó dín iye wọn kù, kí ó sì dín ìrora wọn kù. Ẹni tó bá ka Òwe 12:10, níbi tí a ti yin olódodo nítorí pé ó ń ṣìkẹ́ ẹran ọ̀sìn rẹ̀, kò ní sọ pé ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ àjèjì sí ìgbàgbọ́.

Sẹ́ẹ̀lì tó ń lù bí ọkàn

Ní 1981, Martin Evans àti Matthew Kaufman ní Cambridge, àti Gail Martin ní San Francisco, rí i ṣe láti mú sẹ́ẹ̀lì jáde nínú ọlẹ̀ èkúté tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì máa tọ́jú rẹ̀ nínú abọ́. A lè pe irú sẹ́ẹ̀lì yìí ní sẹ́ẹ̀lì ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ó dà bí ọmọ tí kò tíì yan iṣẹ́: ó lè di ẹ̀jẹ̀, ó lè di egungun, ó lè di awọ tàbí iṣan ọkàn. Bí a bá fi èròjà tó ń dá a dúró sí i, yóò máa pọ̀ sí i láì yípadà. Bí a bá yọ èròjà náà kúrò, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í yan iṣẹ́.

Ní Berlin, ilé iṣẹ́ ìjọba Jámánì kan tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1989 láti wá ohun tí yóò rọ́pò ẹranko, ZEBET, lo ìmọ̀ yìí. Horst Spielmann ló darí wọn. Ẹ kíyè sí i: ilẹ̀ tí Contergan ti jáde náà ni. Báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Wọ́n á kán omi tó ní sẹ́ẹ̀lì èkúté sí abẹ́ ìdérí abọ́, kán-ín kán-ín, kí sẹ́ẹ̀lì lè kó ara jọ nínú omi tó ń rọ̀ náà fún ọjọ́ mẹ́ta. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì mìíràn nínú abọ́, wọ́n á pín wọn sínú ihò kéékèèké 24, ẹyọ kan nínú ihò kan. Ní ọjọ́ kẹwàá, wọ́n á wò wọ́n pẹ̀lú awò amúǹkan-tóbi. Bí gbogbo nǹkan bá lọ déédéé, sẹ́ẹ̀lì náà ti di iṣan ọkàn, ẹ ó sì rí i tó ń lù, kì-kì-kì, láìsí ara, láìsí orí. Níbi tí wọn kò fi kẹ́míkà kankan sí, ó kéré tán ihò 21 nínú 24 gbọ́dọ̀ máa lù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìdánwò náà kò wúlò.

Nígbà náà ni wọ́n á fi kẹ́míkà tí wọ́n fẹ́ dán wò sínú àwọn abọ́ mìíràn, díẹ̀ nínú ọ̀kan, púpọ̀ nínú òmíràn. Ohun mẹ́ta ni wọ́n ń wọ̀n: ìwọ̀n tó dí ìdajì ìlù náà lọ́wọ́, ìwọ̀n tó pa ìdajì sẹ́ẹ̀lì ìpilẹ̀ṣẹ̀, àti ìwọ̀n tó pa ìdajì sẹ́ẹ̀lì èkúté tó ti dàgbà. Bí kẹ́míkà kan bá ń pa gbogbo sẹ́ẹ̀lì bákan náà, májèlé lásán ni. Ṣùgbọ́n bó bá dá àgbà sí, tó sì ṣe èwe léṣe, ìyẹn ni ohun tí Kelsey bẹ̀rù. Lórí ìwọ̀n mẹ́ta yìí, wọ́n á pín kẹ́míkà sí mẹ́ta: èyí tí kò ṣe ọlẹ̀ ní nǹkan, èyí tó ń ṣe é díẹ̀, àti èyí tó ń ṣe é púpọ̀.

Ilé ìwádìí mẹ́rin dán ọ̀nà yìí wò lórí kẹ́míkà 20 láìmọ orúkọ èyí tí wọ́n ń dán wò. Ó tọ̀nà ní ìdá 78 nínú 100. Ní 2002, ìgbìmọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù tó ń yẹ irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ wò fọwọ́ sí i. Kì í ṣe pé ó pé. Iṣan ọkàn kò lè sọ gbogbo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ọpọlọ tàbí egungun ọmọ. Abọ́ kò ní ẹ̀dọ̀ bí ti ìyá, tó lè sọ oògùn di májèlé tàbí kó pa májèlé inú rẹ̀. Ìdí nìyí tí wọn kò fi tíì fi ẹranko sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìlànà àgbáyé tí wọ́n tún ṣe ní 2020 ti fàyè gba irú ìdánwò báyìí ní àwọn ipò kan.

Ti èkúté, ti ènìyàn

Níbí ni ìbéèrè akẹ́kọ̀ọ́ wa ti wọlé. Ìdánwò ti Berlin tí a ṣàlàyé yìí, sẹ́ẹ̀lì èkúté ni. Kò sí ọmọ ènìyàn kankan nínú rẹ̀. Ẹni tó bá dúró lórí pèpéle pé ọmọ tí wọ́n ṣẹ́ ni wọ́n ń lò, ó ń jẹ́rìí èké.

Ṣùgbọ́n ní 1998, James Thomson ní Wisconsin mú irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ jáde láti inú ọlẹ̀ ènìyàn tó ṣẹ́kù ní ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń ran àwọn tó ń wá ọmọ lọ́wọ́. Ọlẹ̀ ọjọ́ bíi márùn-ún ni, kò tíì wọ inú ìyá. Bí a bá mú sẹ́ẹ̀lì náà jáde, ọlẹ̀ náà ti parí. Àwa tí a gbà gẹ́gẹ́ bí Orin Dáfídì 139 ti kọ́ wa pé Ọlọ́run rí wa kí a tó ní àwòrán, a kò lè gba èyí bí ohun lásán. Èdè wa pàápàá jẹ́rìí: ọ̀rọ̀ náà ọlẹ̀ ni Bíbélì Yorùbá lò fún ẹni tó sọ nínú Èlísábẹ́tì ní Lúùkù 1. Jámánì fúnra rẹ̀ kò gbà kí wọ́n ṣe irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ rẹ̀. Òfin tí wọ́n ṣe ní 2002 fàyè gba kí wọ́n kó ti òkèèrè wọlé fún ìwádìí pàtàkì, bó bá jẹ́ èyí tó ti wà kí ọjọ́ tí òfin dá tó pé.

Ọ̀rọ̀ náà tún wá takókó. Ní 2018, àwọn onímọ̀ ní Boston lo sẹ́ẹ̀lì ọlẹ̀ ènìyàn, wọ́n sì rí ìdáhùn tí ayé ti ń wá fún ohun tó lé ní 50 ọdún. Thalidomide ń mú kí ara ènìyàn run purotéènì kan tí wọ́n ń pè ní SALL4, tí ọlẹ̀ nílò. Nínú sẹ́ẹ̀lì èkúté, kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí ìyàtọ̀ kékeré tó wà láàárín tiwọn àti tiwa. Ìdí nìyẹn tí eku kò fi kìlọ̀ fún wa. A rí i pé ìmọ̀ tó lè gba ọmọ inú là wá láti inú ọlẹ̀ tí a ti parun. Róòmù 3:8 kò jẹ́ kí a sọ pé kí a ṣe búburú kí rere lè jáde.

Ọlọ́run kò fi wá sílẹ̀ síbẹ̀. Ní 2006, Shinya Yamanaka ní Kyoto gba sẹ́ẹ̀lì èkúté tó ti dàgbà, ó fi jíìnì mẹ́rin sí i, ó sì padà di sẹ́ẹ̀lì ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ní 2007, ó ṣe é pẹ̀lú sẹ́ẹ̀lì awọ ènìyàn. Kò sí ọlẹ̀ kankan níbẹ̀. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 2012. Ní 2020, àwọn olùwádìí rí ohun kan náà nípa thalidomide àti SALL4 nínú irú sẹ́ẹ̀lì tí a mú láti ara àgbà yìí. Ọ̀nà tí kò ní ẹ̀jẹ̀ nínú ti wà.

Èrò tiwa nìyí. Kí Kristẹni tó wà nínú iṣẹ́ ìwádìí yan ọ̀nà ti Yamanaka. Kí ó má lọ́wọ́ nínú pípa ọlẹ̀ run. Ṣùgbọ́n aboyún tí dókítà kọ oògùn fún kò pa ẹnikẹ́ni. Bí Pọ́ọ̀lù ti kọ́ àwọn ará Kọ́ríńtì nípa ẹran tí a tà lọ́jà, ẹni tó rà á kò di ẹni tó rúbọ. Kí a má di ẹrù lé ẹ̀rí-ọkàn rẹ̀.

Ohun tí ó kàn wá

Nínú Jòhánù 9, àwọn ọmọ ẹ̀yìn béèrè ẹni tó ṣẹ̀, afọ́jú náà tàbí àwọn òbí rẹ̀. Jésù kọ ìbéèrè náà. Kò sọ pé kò sí ìdí fún àìsàn. Ó sọ pé kì í ṣe ọ̀nà ìdálẹ́bi ni a ó gbà wá a. Ìtàn tí a ti sọ yìí fi hàn bí ó ti tọ̀nà tó. Àwọn ọmọ kan wà tí jíìnì SALL4 tiwọn ti yí padà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, tí ọwọ́ wọn sì jọ ti àwọn ọmọ thalidomide, láìsí oògùn, láìsí ẹ̀ṣẹ̀. Onímọ̀ pàápàá ti ṣi irú ọmọ bẹ́ẹ̀ mú rí. Ta ni àwa tí yóò fi ìdájọ́ kan ṣoṣo kéde lórí gbogbo wọn?

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń múra fún iṣẹ́ ìránṣẹ́, nígbà tí aboyún bá wá fún àdúrà, ẹ bi í léèrè bó ti ń lọ sí ilé ìwòsàn àti ohun tó ń lò. Ẹ má ṣe sọ fún un pé kó da oògùn rẹ̀ nù nítorí ìgbàgbọ́. Oògùn wárápá mìíràn wà tó lè ṣe ọmọ inú léṣe, ṣùgbọ́n kí a dá a dúró lójijì lè ṣekú pa ìyá; dókítà ló yẹ kó yí i padà, kì í ṣe pásítọ̀. Ẹ má sì rò pé àgbo kò kàn nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ewé àti egbò náà ní kẹ́míkà nínú, ọ̀pọ̀ wọn ni a kò sì tíì dán wò rí, yálà nínú abọ́ tàbí lára ehoro. Ìpara ìbóra tó ní mẹ́kúrì nínú ń ṣe ọmọ inú léṣe pẹ̀lú.

Bí ọmọ bá sì dé pẹ̀lú àbùkù, kí a kọ́kọ́ gbé ọmọ náà, kí a pe orúkọ rẹ̀, kí a sì yà á sí mímọ́ níwájú ìjọ bíi ti gbogbo ọmọ. Lẹ́yìn náà, kí a bá ìyá rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn. Àdúrà yóò tẹ̀lé e, ṣùgbọ́n kì í ṣe àdúrà tó ń wá ọ̀daràn.

A ṣì ń rántí arábìnrin tó béèrè ohun tó ṣe lọ́wọ́ wa. Ìdáhùn tó yẹ kí a fún un kò ju gbólóhùn kan lọ: "Ẹ kò ṣe nǹkan kan, ìyá ọmọ. Ẹ jẹ́ ká gbé e." Kí Olúwa fún wa ní ọgbọ́n láti sọ ọ́ fún ẹni tó ń bọ̀.